Abẹ́rẹ́ Oṣù Mẹ́ta-Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n dídákẹ́ sí i ti ń pa àwọn àgbà ọkùnrin wa.

Ní oṣù tí ó kọjá, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, bàbá kan nínú jámáà wa, ẹni tí ó ti lé ní 70 ọdún, dúró dè mí títí àwọn ènìyàn fi túká tán. Ó ní, "Ààfáà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi yín yìí, ìyá àwọn ọmọ mi kò tíì gbọ́ ọ." Jẹjẹrẹ próstéètì ni dókítà rí lára rẹ̀, ó sì ti tàn dé egungun ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí ó yan ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì, tàbí kí ó máa gba abẹ́rẹ́ kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó bi mí bóyá ẹ̀sìn gbà kí Mùsùlùmí sọ ara rẹ̀ di ìwẹ̀fà.

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ilé kéwú ni mo ti jáde, n kì í ṣe dókítà. Mo tọ oníṣègùn òyìnbó kan lọ nínú àwọn ọmọ wa, ó sì là mí lọ́yẹ̀.

Próstéètì ni ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń sọ ọmọdékùnrin di géńdé, tí ó ń mú irùngbọ̀n hù, òun gan-an ni jẹjẹrẹ yìí fi ń ṣe oúnjẹ. Ní 1941, Charles Huggins, oníṣègùn kan ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá yọ kóró ẹpọ̀n, tàbí tí a fún aláìsàn ní èròjà ti obìnrin, àrùn náà a máa fà sẹ́yìn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966 nítorí rẹ̀. Ní 1971 ni Andrew Schally àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ bí èròjà tí ọpọlọ fi ń ran kóró ẹpọ̀n níṣẹ́ ti rí, láti ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ bíi leuprolide àti goserelin ti jáde ní àwọn ọdún 1980. Abẹ́rẹ́ náà kò yọ nǹkan kan kúrò lára. Ó kàn ń dí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán lọ́nà ni, kóró ẹpọ̀n a sì sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, èròjà náà a kọ́kọ́ pọ̀ sí i kí ó tó lọ sílẹ̀, nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe máa ń fi oògùn oníhóró bíi bicalutamide kún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bá fún, kí ó má ṣe sọ ọ́ nù o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: abẹ́rẹ́ yìí kò pa àrùn náà. Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà mìíràn. Mo gbọ́ èyí, mo sì rántí ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, ẹ̀yìn kò dùn ún mọ́, ó padà sí oko, ó ní ó ti parí. Èmi gan-an ni mo ṣe àdúrà ìdúpẹ́, a pa àgbò. Kò padà lọ gba ìkẹta, owó rẹ̀ sì ni a fi tún ilé kàn. Kí ọdún tó yípo, orí àga ni ó ti ń kírun. Ọlọ́run dárí jì wá.

Abẹ́rẹ́ náà ní ìnira tirẹ̀. Ooru a máa mú ọkùnrin bí obìnrin tí ó kúrò ní ọjọ́ ìbímọ, òógùn a máa bò ó lóru, egungun a máa fúyẹ́, ara a máa sanra, ìfẹ́ sí obìnrin a sì lọ. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Wọn a fi í pamọ́ fún aya, aya a sì gbà pé ọkọ òun ti ní òmíràn níta. Mo ti bá irú ìjà bẹ́ẹ̀ pàdé, kò sì sí ẹni tí ó sọ òótọ́ fún mi nígbà náà.

Mo pe bàbá yìí padà. Mo ní òótọ́ ni pé ẹ̀sìn wa kọ títẹ ènìyàn lọ́dàá. Nígbà tí Uthman ọmọ Maz'un fẹ́ fi obìnrin sílẹ̀ pátápátá nítorí ìjọsìn, Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó ń sá fún ìgbéyàwó kọ́ ni aláìsàn tí ó ń sá fún ikú. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, èèwọ̀ a máa dẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ́n, a kì í sì í sábà ṣíwọ́ gbígbà á bí àrùn bá ti dé egungun; iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, agbára wọn sì dọ́gba. Nítorí owó ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ wa fi ń yan iṣẹ́ abẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn oògùn tuntun bíi abiraterone tún wà tí a ń fi kún un, tí ó ń fa ẹ̀mí gùn. Bí ààwẹ̀ bá dé, aláìsàn ní àyè. Kí ó má ṣe fo oògùn rẹ̀.

Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ sọ fún aya rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn méjèèjì jọ wá. Màmá náà kò sunkún. Ó ní òun ti rò pé obìnrin ni, ó sì bi mí iye tí abẹ́rẹ́ kan jẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ iye náà, wọ́n wo ara wọn. Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni wọ́n jọ ń lọ sí ọsibítù láti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.