Ọbẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ Nígbà Òtútù: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Jinná Kí Ẹ Tó Bù Ú

Àwa tí a wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Àrámọkọ, láti Òkè-Mẹ̀sí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, a mọ ohun tí òtútù ń jẹ́. Àárín òkè ni a ń gbé. Bí ọyẹ́ bá dé ní ìparí ọdún, ètè a máa bó, ọmọdé kò sì ní fẹ́ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora ní òwúrọ̀. Bí òjò oṣù keje àti oṣù kẹjọ bá sì ń rọ̀, kùrukùru a bo orí òkè, olúkúlùkù a sì máa wá ohun gbígbóná tí yóò fi sínú. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹlẹ́ran máa ń wuni jẹ jù.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lára èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń rà ní àsìkò yìí, nítorí pé ó lọ́ràá, ó sì ń tètè yóni. Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ èyí. Ní Somerset àti Herefordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí oko ápù pọ̀ sí, wọ́n ń fi omi èso náà pọn ọtí tí wọ́n ń pè ní sáídà, wọ́n a sì fi sáídà se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà nígbà òtútù. Ìyàwó ilé kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní London gbọ́ nípa ọbẹ̀ náà, ó sì bi mí ní dìsípẹ́ńsárì bóyá a lè fi ẹmu sè é níhìn-ín. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì í ló dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ìwọ ń bèèrè ẹmu, o kò bèèrè bóyá ẹran náà ń fa wárápá!"

Ìbéèrè méjèèjì ló dára. Ti ìyá àgbà ni kí a kọ́kọ́ dáhùn.

ṢÉ ẸRAN ẸLẸ́DẸ̀ Ń FA WÁRÁPÁ?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò ó. Kì í ṣe ẹran náà gan-an ni ń fa wárápá bí kò ṣe aràn kan. Aràn yìí pẹlẹbẹ, ó sì gùn bí tẹ́ẹ̀pù tí aránṣọ fi ń wọn aṣọ. Ó lè ju mítà méjì lọ. Inú ìfun ènìyàn ni ó ń dàgbà sí. Bí ẹni tí ó ní in bá yàgbẹ́ sí inú igbó, ẹyin aràn náà a bá ìgbẹ́ jáde, ojú lásán kò sì lè rí i. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri a jẹ ìgbẹ́ náà. Ẹyin a pa nínú rẹ̀, àwọn ọmọ aràn a sì lọ fara pamọ́ sínú ẹran ara rẹ̀ bí kókó funfun kéékèèké, tí ó lè tó hóró ìrẹsì tàbí hóró ẹ̀wà. Bí a bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ láìjinná, ọmọ aràn a jí nínú ìfun wa, a sì di aràn gígùn. Inú lè máa run onítọ̀hún, tàbí kí ó má mọ nǹkan kan lára, àfi bí ó bá rí ègé funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́ rẹ̀.

Títí di ibí yìí, wárápá kò tí ì wọ̀ ọ́. Ibi tí ewu ńlá wà ni pé kí ènìyàn gbé ẹyin aràn náà mì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́dẹ̀ ti gbé e mì. Nígbà náà, ọmọ aràn a bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara, sínú ojú, àti sínú ọpọlọ. Èyí tí ó bá dé ọpọlọ ni ó lè fa gìrì àti wárápá. Báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé ẹyin náà mì? Nípa ọwọ́ tí a kò fọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àti nípa omi tàbí ẹ̀fọ́ tútù tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́.

Ẹ wá ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí kò fi ẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rí lè ní àrùn yìí, bí ẹni tí ń se oúnjẹ fún un bá ní aràn náà nínú tí kì í sì í fọ ọwọ́. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní Amẹ́ríkà pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù mẹ́rin ní New York, àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé wò, wọ́n rí irú aràn bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀kan lára wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí àrùn yìí ti gbilẹ̀, tí ènìyàn àti ẹlẹ́dẹ̀ tí ń rìn kiri jọ ń gbé pọ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tí wárápá ń mú ni ó jẹ́ pé aràn yìí ló fà á. Wárápá ní okùnfà mìíràn pẹ̀lú, bí ìbí tí ó le, ibà tí ó wọ ọpọlọ, àti orí tí a fi gbá nǹkan. Ṣùgbọ́n wárápá kì í ràn. Itọ́ ẹnu ẹni tí ó ń mú kò lè ran ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má ṣe sá fún un. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ mú ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má sì fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní kúkúrú, ẹran jíjinná ni kì í jẹ́ kí aràn wọ inú wa. Ọwọ́ fífọ̀ àti ṣáláńgá ni kì í jẹ́ kí ó dé ọpọlọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ yẹ̀ nínú méjèèjì.

BÍ A ṢE Ń RA ẸRAN NÁÀ

Ọ̀dọ̀ alápatà tí wolé-wolé tàbí dókítà ẹranko ń yẹ ẹran rẹ̀ wò ni kí ẹ ti rà á. Ẹ wo ẹran náà ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ẹ bá rí kókó funfun nínú rẹ̀ bí hóró ìrẹsì, ẹ má rà á. Ẹ má sọ pé ẹ ó yọ wọ́n dànù kí ẹ sì se ìyókù, nítorí ẹ kò lè yọ wọ́n tán. Ẹran tí kò bá ní kókó kankan náà gbọdọ̀ jinná, nítorí pé ojú lè fo èyí tí ó kéré.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹran tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ láìnídìí. Ní ọdún 2020, àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ ní oko ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aró lẹ́bàá Èkó. Àrùn yẹn kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀ kò yẹ fún ìkòkò ọbẹ̀ ọmọlúwàbí, ohun yòówù tí ó pa á.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kílò kan ààbọ̀, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta, tòmátì mẹ́fà, tàtàṣé mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta, atalẹ̀ tí ó tó àtàǹpàkò, aáyù hóró mẹ́rin, ẹfinrin ẹ̀kúnwọ́ kan, àti omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ife kan.

Ẹ gé ẹran náà sí ègé tí kò ju páálí ìṣáná lọ, kí ooru lè wọ inú rẹ̀ bákan náà. Ẹ gé ọ̀rá tí ó bá pọ̀ jù kúrò. Ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n kí ẹ tó fi gé nǹkan mìíràn. Ẹ sì fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú.

Ẹ kó ẹran sínú ìkòkò láìfi epo sí i, kí ẹ sì gbé e ka iná tí kò le jù. Ọ̀rá ara rẹ̀ yóò yọ́ jáde, ẹran yóò sì pọ́n lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ bu ọ̀rá náà kúrò, kí ó ku ṣíbí ìjẹun méjì péré. Ẹ da àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti aáyù sí i, lẹ́yìn náà ata àti tòmátì tí ẹ ti lọ̀. Nígbà tí ata bá ti dín fún ìṣẹ́jú 15, ẹ bu omi sí i kí ó bo ẹran, ẹ da omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, ẹ bo ìkòkò, kí ẹ sì dín iná kù. Kí ó wà lórí iná pẹ̀lẹ́ fún wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ já ẹfinrin sí i nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 5 kí ẹ sọ̀ ọ́.

Ibí yìí ni òtútù ti ń tan ènìyàn jẹ. Ebi ń pa wá, òórùn ọbẹ̀ ti gba ilé, a ó sì fẹ́ bù ú kí ó tó tó àkókò. Kí ẹran gbóná kì í ṣe kí ó jinná. Omi Ìkógòsì náà gbóná, síbẹ̀ kò lè se ẹran. Ẹ mú ègé tí ó nípọn jù, ẹ là á sí méjì: kò gbọdọ̀ pupa nínú, omi ara rẹ̀ gbọdọ̀ mọ́ kedere, ẹran sì gbọdọ̀ máa bọ́ lára egungun. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru oúnjẹ, kí inú ẹran náà dé 71°C. Sùúrù ni baba ìwà, sùúrù náà sì ni baba ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

Iyọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀, pàápàá fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo iyọ̀ tí ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ ní ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ pé gíráàmù 5, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí ìpotíì kan. Iyọ̀ wà nínú Maggi àti irú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà bí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ dín iyọ̀ kù.

Bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí tábìlì di ọjọ́ kejì nítorí pé ilẹ̀ tutù. Òtútù Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe fìríìjì. Ẹ gbé e sínú fìríìjì kí wákàtí méjì tó kọjá. Bí kò bá sí, ẹ sè é níwọ̀n tí yóò tán. Ẹ sì jẹ́ kí ó hó dáadáa kí ẹ tó tún jẹ ẹ́.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀ láyè lè fi ẹran ewúrẹ́ tàbí adìẹ ìbílẹ̀ se ọbẹ̀ yìí kan náà. Nítorí pé àwọn yẹn kò lọ́ràá tó o, kí ó fi epo díẹ̀ sí ìdí ìkòkò.

Ọ̀RỌ̀ ẸMU

A lè fi ẹmu dípò omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹmu òwúrọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ wá dùn, ó sì bá ẹran náà mu; èyí tí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó sì ti le. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé iná máa ń lé gbogbo agbára ọtí jáde. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ti wọ̀n ọ́n: ọbẹ̀ tí ó hó fún 30 ìṣẹ́jú ṣì ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta agbára ọtí tí a dà sí i, lẹ́yìn wákàtí kan, ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́rin, lẹ́yìn wákàtí méjì, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá. Nítorí náà, aláboyún, ọmọdé, ẹni tí ó ti fi ọtí sílẹ̀, àti ẹni tí ń lo oògùn tí a kìlọ̀ pé kí ó má mu ọtí sí, ti omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí wọ́n jẹ. Adùn rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀.

ÈÉDÚ INÚ YÀRÁ

Ọbẹ̀ yìí ń pẹ́ lórí iná, òtútù sì lè mú kí ènìyàn gbé àdògán eléèédú wọ yàrá kí ó sì ti fèrèsé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Afẹ́fẹ́ burúkú kan ń jáde láti inú èédú tí ń jó, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń mú orí fọ́ni, ó ń mú oorun kunni, ó sì lè pa gbogbo ilé mọ́jú. Ìta tàbí ilé ìdáná tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni ààyè èédú.

KÍ Ẹ TÓ LỌ

Bí ẹnikẹ́ni bá rí ègé funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Oògùn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì ti mú rí kò gbọdọ̀ ra oògùn aràn lò fúnra rẹ̀, nítorí pé bí ọmọ aràn inú ọpọlọ bá kú lójijì, ọpọlọ lè wú. Dókítà ló mọ bí a ti ń fún un.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí yíyàgbẹ́ síta dópin ní Nàìjíríà ní ọdún 2025. Ọdún náà ti dé, ó ti lọ, àwa sì ṣì ń rí ìgbẹ́ lẹ́yìn ilé. Àṣẹ ìjọba kò lè gbẹ́ ṣáláńgá fún wa. Bí ẹ bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ṣe ọgbà fún un. Bí ilé tí ẹ ń gbé kò bá ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ títí yóò fi ṣe é. Kí ọṣẹ àti omi sì wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí ọwọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni yóò gún iyán tí gbogbo ilé yóò jẹ.