Ṣé kò sí kòkòrò lóòótọ́, àbí ó kú sínú Micra? Ohun tó yẹ kí aboyún Alákìá béèrè kó tó gba èsì lábù gbọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ ná. Ká ní aboyún kan wà ní Alákìá, oyún rẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ 36, ó ku díẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ sí kíníìkì kékeré kan ládùúgbò, nọ́ọ̀sì fi igi tín-ín-rín tí wọ́n wé òwú sí lórí kan ojú ara rẹ̀, ó ju igi náà sínú ike gbígbẹ, ó kọ orúkọ sí i, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí lábù ńlá nígboro Ìbàdàn. Aago mọ́kànlá àárọ̀ nìyẹn o, oòrùn ti ń mú ganrínganrín. Ẹni tó máa gbé e lọ kọ́kọ́ yà jẹun, ó wá wọ Micra, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró ní Ìwó Road, nígbà tó máa fi dé lábù, wọ́n ti ń tilẹ̀kùn. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí èsì jáde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn kò rí kòkòrò kankan. Inú ìyàwó dùn, inú ọkọ dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò bi: ṣé kò sí kòkòrò lóòótọ́ ni, àbí kòkòrò wà, ó kú sójú ọ̀nà?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà rárá. Kòkòrò tí wọ́n ń wá nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, Group B Streptococcus ni àwọn dókítà ń pè é, GBS ni wọ́n gé e kúrú sí. Obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Rebecca Lancefield, ló pín ìdílé àwọn kòkòrò náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ní 1933, ibẹ̀ ni B inú orúkọ rẹ̀ ti wá. Inú ìfun àti ojú ara ni kòkòrò yìí máa ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í dun ìyá, kì í yún un, kì í ṣe àrùn ìṣekúṣe, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Ó lè wà lónìí, kó má sí lóṣù tó ń bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní 2021 pé nínú aboyún 100 láyé yìí, bíi 15 ló ń gbé e kiri. Ní Nàìjíríà níbí náà, kì í ṣe àjèjì: láti 1980 ni B. A. Onile ti gbé ìwádìí jáde lórí bó ṣe wà lára àwọn èèyàn wa.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá ti ya, tí ọmọ ń bọ̀, kòkòrò náà lè ràn mọ́ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀, tó ké dáadáa, lè máa mí gúlegúle nígbà tó máa fi di alẹ́, kò ní mu ọyàn mọ́. Kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ó lè di òtútù àyà, ó lè di yírùnyírùn. WHO ní nǹkan bí ọmọ 150,000 ni GBS ń pa lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé, àti èyí tó kú sínú oyún àti ìkókó, bí ìdajì gbogbo ẹrù náà ló sì wà nílẹ̀ Áfíríkà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Pẹnisílìn lásán ni, tí wọ́n máa gba inú iṣan fún ìyá nígbà tó bá ti ń rọbí, ó sì dáa kó tó wákàtí mẹ́rin kí ọmọ tó wáyé. Bí wọ́n bá fún un lóṣù kan ṣáájú, kòkòrò á tún padà wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ 36 sí 37, kí wọ́n lè mọ ẹni tí abẹ́rẹ́ tọ́ sí. Bí èsì bá wá parọ́, ìyá tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ kò ní gbà á. Ọmọ ló máa jìyà rẹ̀.

Kí ló wá ń pa kòkòrò lójú ọ̀nà? Gbígbẹ ni, ooru sì ni. Nítorí ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe wá ohun tí wọ́n lè tẹ orí òwú náà bọ̀, tí kòkòrò á fi wà láàyè títí yóò fi dé lábù. Ọ̀gbẹ́ni Stuart ló gbé ọ̀kan jáde láàárín ọdún 1940 sí 1955, Amies tó wà ní Kánádà tún un ṣe ní 1967, orúkọ àwọn méjèèjì ló ṣì wà lára ike rẹ̀ dòní. Bí ẹ bá rí i, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, òmíràn dúdú kirikiri nítorí wọ́n po èédú mọ́ ọn kó lè máa fa májèlé. Iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí oúnjẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí bí oúnjẹ bá wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò yòókù á jẹ, wọ́n á bímọ, wọ́n á bo èyí tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ibi tó máa gbé títí. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin, GBS tó wà nínú rẹ̀ á máa dín kù, pàápàá níbi tí ooru bá wà. Ohun tó dáa jù ni kó wà ní tútù, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ kó tó pé wákàtí 24.

Bó bá dé lábù, oúnjẹ wá kàn. Wọ́n á kọ́kọ́ ju òwú náà sínú omi ọbẹ̀ kan tí Todd àti Hewitt ṣe ní 1932, omi ọkàn màlúù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á po oògùn méjì mọ́ ọn, tó máa pa àwọn kòkòrò mìíràn, àmọ́ tí kò ní pa GBS. Èyí tí wọ́n ń pè ní Lim wà lára irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi sínú ooru tó dà bíi ti ara èèyàn fún wákàtí 18 sí 24, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á tó dà á sórí abọ́ pẹlẹbẹ. Lábù tó bá fo ọbẹ̀ yìí, tó gba orí abọ́ lọ tààrà, lè pàdánù tó ìdajì àwọn obìnrin tó ní kòkòrò náà lára. Ìdajì o!

Obìnrin tó ń dáná ló fún ayé ní ohun tó wà lórí abọ́ yẹn. Ní 1881, Fanny Hesse, ìyàwó dókítà kan ní Jámánì, rí i pé ohun tí ọkọ òun fi ń bọ́ kòkòrò máa ń yọ́ bí ooru bá mú. Ó ní kó gbìyànjú ágà, èròjà inú ewéko òkun tí òun fi ń se oúnjẹ tó ń dì. Ágà kò yọ́. Títí dòní, òun ni lábù ń lò. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ni wọ́n máa ń bù mọ́ ọn kó tó dì. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó ti pẹ́ jù ní ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ kò dáa fún un, torí oògùn lè wà nínú rẹ̀, àrùn náà sì lè wà níbẹ̀.

Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀, ẹ wo ti ìtọ̀, tó jẹ́ òun ni àwọn aboyún mọ̀ jù. Láti 2016 ni WHO ti ní kí wọ́n máa hu kòkòrò inú ìtọ̀ aboyún wò ní lábù níbi tí agbára bá gbé e, torí kòkòrò lè wà níbẹ̀ láìdun ìyá, kó sì di àìsàn kíndìnrín. Oúnjẹ ni ìtọ̀ jẹ́ fún kòkòrò. Bó bá ti lé ní wákàtí méjì nínú ooru, díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á ti di ogunlọ́gọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ti òwú, ooru pa kòkòrò, wọ́n ní kò sí. Ti ìtọ̀, ooru jẹ́ kó bímọ, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, ìyá wá ń gbé oògùn tí kò tọ́ sí i mì. Ooru kan náà, irọ́ méjì. Fíríìjì lè dá a dúró fún wákàtí 24. Níbi tí kò bá sí iná, ike tí wọ́n ti fi etu funfun tó ń jẹ́ boric acid sí lè ṣe iṣẹ́ kan náà, bí ìtọ̀ bá sáà ti kún dé ojú ìlà.

Àwọn kan á ní, èéṣe tí wọ́n tún fi ń tọ́jú kòkòrò náà pa mọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò? Ìdí wà. Oríṣi GBS mẹ́wàá ló wà, kì í sì í ṣe ọ̀kan náà ló pọ̀ níbi gbogbo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2023, tí wọ́n dán wò lára àwọn aboyún ní South Africa, mẹ́fà ló dojú kọ nínú mẹ́wàá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tọ́jú kòkòrò tiwa, ta ló máa mọ̀ bóyá tiwa wà nínú mẹ́fà náà? Wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n po gílísẹ́rìn mọ́, ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á wá gbé e sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 70 tàbí 80 nísàlẹ̀ òdo. Àmọ́ bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè yọ́ dànù lálẹ́ ọjọ́ kan.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àyẹ̀wò GBS kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo aboyún ní Nàìjíríà. Amẹ́ríkà ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ìjọba ibẹ̀ kò sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, owó rẹ̀ ló ná, ọmọ rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Kò burú bó bá fọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú kí lẹ fẹ́ fi í sí? Aago mélòó ló máa dé lábù? Ṣé wọ́n máa kọ́kọ́ fi í sínú ọbẹ̀ rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé inú ike gbígbẹ ni, tó sì di ọ̀la kó tó kúrò ní Alákìá, kí aboyún rọra ní kí wọ́n jẹ́ kí òun padà wá lárààárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó ń gbé e lọ bá ti wà nílẹ̀. Kó má fúnra rẹ̀ lọ ra oògùn ní kẹ́místì o. Bó bá sì gba èsì, irú èsì yòówù kó jẹ́, kó mú un dání lọ síbi tó ti fẹ́ bímọ. Ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa nílò rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí nílé.