Àmì Ohùn Kì í Ṣe Èèrí: Ẹ̀rọ Ìṣàwárí Tó Gbọ́ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ sọ̀rọ̀ nípa nǹkan báyìí-báyìí?" Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àkọsílẹ̀ àwọn ètò wa sórí ẹ̀rọ ìṣàwárí, kí ẹ lè máa fúnra yín wá ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí Yorùbá ti nílò ìtọ́jú tirẹ̀.

Kí ni data pipeline?

Ẹ ronú nípa ògì. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá jẹ́ kó tòrò. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí data pipeline ṣe rí nìyẹn. Àkọsílẹ̀ tuntun á kọ́kọ́ wọ inú Kafka, tó dà bí ìkòkò tí a fi ń rẹ ọkà: ó ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé tẹ̀ léra. Kóòdù kékeré kan á tún ọ̀rọ̀ ṣe, á sì gbé e fún Elasticsearch, níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀. Níkẹyìn, Kibana á ya àtẹ tí a ń pè ní dashboard.

Kubernetes, tí Google gbé jáde fún gbogbo ayé lọ́dún 2014, ló ń bójú tó wọn. Bí ọ̀kan bá kú, á gbé òmíràn dìde. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó wà nílé mi. A háyà àwọn kọ̀ǹpútà náà ni, à ń sanwó bí a ṣe ń lò wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud nìyẹn.

Ìtàn Elasticsearch fúnra rẹ̀ dùn. Ìyàwó Shay Banon ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè ní London, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ ṣe ohun tí á fi máa wá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ. Iṣẹ́ yẹn ló bí Elasticsearch lọ́dún 2010. Ẹ̀rọ yìí kì í ka ìwé látòkè délẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá bi í ní nǹkan. Ó ti to orúkọ àwọn ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, bí àtòjọ ẹ̀yìn ìwé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú àtòjọ mu. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà kan, ìkọsílẹ̀ mẹ́ta

Ẹ wo ọ́. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Ẹnì kan lè tẹ ọ, kó fi àmì mí lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ ó, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti orí o lásán. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Òfin Unicode kan tó ń jẹ́ NFC ló ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá fa ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì ìsàlẹ̀, NFC kò ní fọwọ́ kàn án. Mo kọ òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ láti wá nǹkan náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà kọjá.

Ṣé ká sẹ́ àmì dànù ni?

Ọ̀nà ìrọ̀rùn wà: kí a yọ gbogbo àmì kúrò. Àmọ́ nígbà náà, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko á di "oko" kan ṣoṣo. Ẹni tó ń wá ètò nípa ọkọ̀ abánáṣiṣẹ́ á bá ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó!

Síbẹ̀, a ò lè ti ẹni tó tẹ "oko" lásán síta. Fóònù ẹlòmíràn kò ní àmì, ẹlòmíràn ṣì ń kọ́ ohùn lọ́wọ́. Tí ẹ̀rọ bá dá irú wọn lóhùn pé "kò sí," ó lè mú ọkàn wọn kúrò nínú èdè yìí.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan pẹ̀lú àmì pípé, èkejì láìsí àmì. Ẹ̀rọ á wo méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó bá àmì mu ló ń gba máàkì tó pọ̀ jù. Ẹ tẹ ọkọ̀, ètò nípa ọkọ̀ á ṣáájú. Ẹ tẹ "oko," gbogbo wọn á jáde, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Ohun tí dashboard ń sọ

Láti inú èyí tó ní àmì ni dashboard ti ń ka ọ̀rọ̀ inú ètò wa. Bó bá ka èyí tí kò lámì, iye lè pé, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni tàbí oko àgbàdo?

Àtẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn. Ó ń sọ àkòrí tí a kò tíì fọwọ́ kàn, àti bí ẹ ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí a kò ròtẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ nìkan là ń tọ́jú níbẹ̀, a kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Èèrí là ń sẹ́ kúrò lára ògì. Àmì ohùn kì í ṣe èèrí. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ ìṣàwárí yòówù tẹ́ ẹ ń lò: ẹ tẹ ọkọ̀, ẹ tún tẹ oko, kẹ́ ẹ sì wo èyí tó gbọ́ yín. Ó dàbọ̀ o.