Ikọ́ Màmá lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ: ẹ má sáré lọ kẹ́místì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tí ìyá yín wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùrè, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ká ní Màmá gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn tán, wọ́n padà sílé, ikọ́ wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, kí lẹ máa sọ lórí fóònù? Mo mọ̀ ọ́n: "Ẹ ní kí wọ́n bá yín ra antibiotic ní kẹ́místì." Bí kò bá lọ, àdúgbò á ní ikọ́ fée ni. Àwọn kan á ní ayé ni.

Ó lè má jẹ́ ìkankan nínú wọn. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ inú àyà tàbí ti ọyàn lè kan ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí, kó sì wú. Radiation pneumonitis ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe. Àmọ́ láàárín oṣù 1 sí 6 lẹ́yìn ìtọ́jú ló sábà máa ń yọjú: ikọ́ gbígbẹ, ibà díẹ̀, àyà dídùn, kí mímí sì ṣòro. Kì í ràn.

Kì í ṣe kòkòrò ló fà á, torí náà antibiotic kò lè wò ó. Steroid bíi prednisolone ni dókítà sábà máa ń lò, wọ́n á sì dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Téèyàn bá dá a dúró lójijì, ikọ́ náà lè padà. Ẹ má sì dá a rà fúnra yín o! Tó bá jẹ́ ikọ́ fée ni lóòótọ́, ó lè mú un burú sí i.

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí: UCH n'Íbàdàn tàbí NSIA-LUTH Cancer Centre tí wọ́n ṣí l'Ékòó lọ́dún 2019 lọ̀pọ̀ ará wa ti ń gba ìtànṣán, ilé ni ikọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó wà nílé lè má mọ nǹkan kan. Màmá náà lè má sọ, torí wọn ò fẹ́ káyé gbọ́ pé jẹjẹrẹ ṣe wọ́n.

Lójú tèmi, kò yẹ kí ilé ìwòsàn kankan dá aláìsàn padà sílé láìkọ ọ́ síwèé: ibi tí ìtànṣán kàn, ọjọ́ tó parí, àmì tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ya fọ́tò ìwé ìtọ́jú Màmá sórí fóònù yín. Bí ikọ́ bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí mímí bá ṣòro, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, ẹ má dúró dọ̀la.

Ìtànṣán gba Màmá lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí àìsọ̀rọ̀ wá pa wọ́n.