Irun Inú Imú Tí Mo Ń Bẹ̀rù Fún

 

Ní ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n ní kí n sun ìyẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, ohùn kò jáde. Imú mi dí pátápátá, bí ẹni pé inú ìkòkò ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta nígbà náà tí mo ti ń kán oògùn kan sí imú. Bí mo bá ti kán an, kò pẹ́ rárá tí imú á là. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń jí lóru wá ìgò.

Bẹ́ẹ̀ dókítà ti fún mi ní òmíràn ṣáájú, èyí tí a ń fín, nítorí àléjì eruku. Mo lò ó fún ọjọ́ méjì, kò ṣe nǹkan kan. Aládùúgbò wa wá ní oògùn fínfín a máa run irun inú imú. Mo bá jù ú sínú àpótí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá mi jókòó. “Bàbá, irun wo lẹ ń sọ ná?” Mo rò pé èyí tí à ń rí nínú dígí ni. Kì í ṣe ìyẹn. Lókè lọ́hùn-ún, lára awọ inú imú, irun kan wà tí ojú lásán ò lè rí, cilia lorúkọ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan lè ní bíi 200. Ikun imú ló tẹ́ sórí wọn bí ẹní. Eruku tí a bá fà símú á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn irun yìí á máa gbá a lọ, nǹkan bí ìgbà 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí dé ọ̀nà ọ̀fun tí a ó ti gbé e mì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń kó pàǹtí tiwọn lọ. Dókítà lè fi saccharin bíńtín síwájú imú. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, adùn rẹ̀ á ti dé ọ̀fun kó tó pé 20 ìṣẹ́jú.

Oògùn kíkán tèmi, oxymetazoline ni. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú pọ̀. Bó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, imú á bẹ̀rẹ̀ sí wú padà, a ó tún kán an. Àlòpẹ́ rẹ̀ sì lè mú kí irun yẹn re dànù. Ohun tí mo ń sá fún, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kán an símú!

Èyí tó wà nínú àpótí, fluticasone ni. Kì í kánjú: ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára rẹ̀ tó pé, ojoojúmọ́ la sì ń lò ó. Mometasone jẹ́ ẹbí rẹ̀. Wọ́n ti gé awọ imú díẹ̀ wò lára àwọn tó lo mometasone fún ọdún kan gbáko, awọ náà kò fẹ́lẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò wa ní gbòǹgbò díẹ̀ ṣá. Benzalkonium chloride tí wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ ìgò kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́, ó máa ń mú kí irun yìí falẹ̀ tí wọ́n bá dà á lé sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Nínú imú èèyàn, ikun ń pò ó mọ́ra, ìwádìí ò sì fẹnu kò. Ẹni tó bá ń ta lára lè béèrè èyí tí kò ní i lọ́wọ́ apòògùn.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fín in: tẹ orí síwájú díẹ̀, fi ọwọ́ ọ̀tún fín ihò òsì, kí ẹnu ìgò kọjú sí etí, má ṣe kọ ọ́ sí ògiri àárín, ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Má fà á símú tagbáratagbára, ọ̀fun ló máa gbà lọ. Mo tún ń fi omi iyọ̀ ṣan imú, omi tí a sè tó sì ti tutù. Omi kànga lásán kọ́ o.

Fífi ìgò kíkán sílẹ̀ kò rọrùn. Orí ìjókòó ni mo sùn lóru mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìyàwó mi gbé e pamọ́, mo bínú, kò dá mi lóhùn. Ó tó bí ọjọ́ kẹwàá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òórùn kan gba imú mi. Mo ké sí i pé ó mà fi irú sọ́bẹ̀ lónìí! Ó ní ọjọ́ wo ni òun ò fi sí i rí.