Òrí Dára, Ṣùgbọ́n Kò Tó

Ní Bantè àti Savalou, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a máa ń ṣa kajú. Oòrùn ìgbà náà ń ba awọ ara jẹ́.

Ẹ máa fi òrí pa ara. Fítámìnì E inú rẹ̀ ń dín ìbàjẹ́ náà kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n òrí nìkan kò tó. Ẹ dé akẹtẹ̀, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn.

Àwọ̀ dúdú wa ni ààbò wa. Ẹ má fi ìpara bó o kúrò.

Àfín kò ní ààbò yìí. Jẹjẹrẹ awọ lè tètè mú un. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ àfín ṣa kajú lọ́sàn-án gangan. Bí egbò ara rẹ̀ bá kọ̀ tí kò jinná, ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn.