Bí Èèpo Oúnjẹ Ṣe Ń Di Ilẹ̀dú

Ní ẹ̀yìnkùlé àwọn agbo-ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ibì kan wà tí tọmọdé tàgbà máa ń da ilẹ̀ sí, èyí tí à ń pè ní ààtàn. Ibẹ̀ ni èèpo iṣu, háhá àgbàdo, eérú ààrò àti ewé tí a fi di ẹ̀kọ ń lọ. Kò sí ẹni tí ń ro ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbin ohunkóhun síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí òjò bá dé, elégédé a fà bò ó, tẹ̀tẹ̀ a yọ, ìbẹ́pẹ a hù, èso wọn a sì tóbi ju ti oko lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá bèèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn kò jìnnà. Agbára tí a ti fà yọ láti inú ilẹ̀ oko ni a kó jọ sí ojú kan náà lẹ́yìn ilé.

Iṣu tí a wà, àgbàdo tí a ya, ẹ̀gẹ́ tí a fà tu, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó bu díẹ̀ nínú agbára ilẹ̀ lọ sílé. Apá kan nínú agbára náà wọ inú ara ènìyàn; apá kejì wà nínú èèpo tí a bẹ sọnù. Bí a bá ń kó lọ lọ́dọọdún tí a kò sì dá ohunkóhun padà, ilẹ̀ yóò ṣá. Àwọn baba ńlá mọ èyí dájú. Nígbà tí wọ́n bá ti dá oko kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n sì rí i pé ebè kò fún wọn ní iṣu ńlá mọ́, wọn a fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ó di ìgbòrò, wọn a sì ṣí lọ sí ibòmíràn. Ó lè tó ọdún méje, ó lè tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó padà. Láàrin ìgbà náà ewé a máa rẹ̀, a máa jẹrà, gbòǹgbò igi a sì máa fa oúnjẹ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, títí ilẹ̀ yóò fi tún dúdú.

Àyè àtiṣe bẹ́ẹ̀ ti há. Ìlú ń gbòòrò wọ inú oko, àwọn ọmọ sì ń pín ilẹ̀ baba wọn sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí gbogbo ogún rẹ̀ kò ju éékà méjì lọ kò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ebi sì máa pa àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà ojú kan náà ni ó ń ro lọ́dọọdún. Ní ọdún kìíní, àgbàdo rẹ̀ lè yọmọ méjì-méjì. Nígbà tí ó bá di ọdún karùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo tí kò kún ni yóò máa yọ, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa pọ́n kí ó tó gbó. Àgbẹ̀ náà kò di ọ̀lẹ. Ilẹ̀ ni kò ní ohun tí yóò fún un mọ́.

Irú amọ̀ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ láti di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú. Ohun tí ń bá a ṣe iṣẹ́ yìí ni ewé àti gbòǹgbò tí ó ti jẹrà kúnná, èyí tí ń sọ ilẹ̀ di dúdú. Òun kan náà ni ń so erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí ó sì ń gba omi dúró bí kànìnkànìn. Bí oòrùn bá ń pa ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí, tí òjò ńlá sì ń rọ̀ lé e lórí, dúdú yìí a máa tán kíákíá. Òjò kì yóò fẹ́ wọlẹ̀ mọ́. Yóò máa ṣàn lọ lókè, yóò sì máa gbé erùpẹ̀ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Àwọn kan rò pé ajílẹ̀ òyìnbó nìkan ti tó láti wo àrùn yìí sàn. Òtítọ́ ni pé ó lágbára. Àpò kan tí ó wọn kìlógíráàmù 50, tí a kọ 15-15-15 sí lára, ní kìlógíráàmù 7.5 èròjà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní náítírójìn nínú, èyí tí ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Ajílẹ̀ tí a fi èèpo ṣe, bí ó bá wọn ìwọ̀n kan náà, lè má ní ju ìdajì kìlógíráàmù kan lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ pé àpò kan èyí tó àpò kan èyíinì ń tan àgbẹ̀ jẹ ni. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ òyìnbó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, kò lè dá dúdú ilẹ̀ padà. Bí a bá dà á sórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, òjò yóò fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, owó àgbẹ̀ yóò sì bá omi lọ. Níbi tí èèpo jíjẹrà bá ti kọ́kọ́ tún ilẹ̀ ṣe, ìwọ̀nba díẹ̀ ajílẹ̀ òyìnbó a ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ìyanu ni pé èèpo náà kò wọ́n rárá. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó ti Nàìjíríà ní gbogbo ayé. Níbikíbi tí àwọn obìnrin bá ti ń ṣe gàrí, òkìtì èèpo a máa ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, omi kíkan a máa ṣàn jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, koríko tí omi náà bá kàn a sì máa kú. Ní ọjà, tòmátì jíjẹrà, ewé ẹ̀fọ́ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni a ń gbá jọ ní alaalẹ́. Nínú ìlú ńlá, ọkọ̀ a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ààtàn ìjọba, níbi tí a ti ń tò ó lé ara wọn títí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí àyè wọlé. Ohun tí ó bá jẹrà láìsí afẹ́fẹ́ a máa mú gáàsì kan jáde tí ó ń gbiná. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná jó ní ààtàn ńlá Olúṣọ̀sùn ní Èkó, èéfín rẹ̀ sì bo àdúgbò fún ọjọ́ púpọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a kúkú máa kó ilẹ̀ ààtàn lọ sí oko gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà kan ti ń ṣe. Akítàn kì í kọ ẹ̀gbin, àwọn àgbà ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà lónìí. Ààtàn ìgbà àtijọ́ kò mọ ju ohun tí ó lè jẹrà lọ. Ti òde òní gba ọ̀rá, ike, ìgò fífọ́ àti bátìrì tí ó ti kú, tí májèlé inú rẹ̀ lè ṣàn wọ inú ilẹ̀. Nítorí náà, láti inú ilé ìdáná ni a ti gbọ́dọ̀ ya èèpo sọ́tọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Albert Howard, ni ó sọ irú ọgbọ́n báyìí di ètò nínú ìwé. Ó lọ sí ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1905 láti fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ran iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ní ìlú Indore, láàrin ọdún 1924 sí 1931, ó dán ọ̀nà kan wò, nípa títo pàǹtí oko, ìgbẹ́ màlúù, erùpẹ̀ àti eérú ní ìpele-ìpele, a sì máa bu omi wọ́n ọn, a máa yí i padà. Láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó di ilẹ̀dú. Ní 1931 òun àti Yeshwant Wad, ọmọ Íńdíà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀.

Kò sí ohun tí ó le nínú iṣẹ́ náà. A ó wá ibi tí igi ṣíji bò, tí omi kì í dúró sí. A ó kọ́kọ́ tẹ́ igi wẹ́wẹ́ tàbí pòròpórò àgbàdo sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn èyí a ó tẹ́ ewé gbígbẹ tàbí háhá, a ó da èèpo tútù lé e, a ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti abẹ́ igi lé e, a ó sì wọ́n omi sí i. Báyìí ni a ó máa tò ó títí yóò fi ga tó mítà kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ náà yóò sì tó bẹ́ẹ̀. Òkìtì tí ó bá kéré ju èyí lọ kì í gbóná dáadáa. Bí a bá lo agbọ̀n kan èèpo tútù, kí a lo agbọ̀n méjì ohun gbígbẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́ dára púpọ̀ nínú rẹ̀. Eérú kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹran, eegun, ẹja àti òróró kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí eku àti ajá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Kòkòrò àìfojúrí àti ìdílé olu ni wọ́n. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mí, wọ́n sì ń bí sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹran ọ̀sìn. Ewé gbígbẹ ni ó ń fún wọn ní agbára. Èèpo tútù àti ìgbẹ́ ni ó ń fún wọn ní ohun tí wọ́n fi ń mọ ara wọn. Nínú ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, òkìtì náà yóò gbóná. Inú rẹ̀ lè gbóná tó ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ìwẹ̀ kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà ní 55 fún ọjọ́ mẹ́ta, púpọ̀ nínú kòkòrò àrùn àti èso koríko inú rẹ̀ ni yóò kú. Májèlé inú èèpo ẹ̀gẹ́ pàápàá a máa túká bí ó ti ń jẹrà.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè fi ọ̀pá mọ̀ ọ́n. Kí ó ti ọ̀pá gígùn bọ àárín òkìtì náà, kí ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ó sì fà á yọ. Bí ó bá gbóná tí ó sì tutù fún omi, iṣẹ́ ń lọ. Bí ó bá gbẹ, tàbí tí èèrà kọ́lé síbẹ̀, omi ni ó ń fẹ́. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ sì ti tán. Kí a yí i padà, kí a sì po ewé gbígbẹ mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni a ń fi ṣọ́bìrì yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sí àárín. Òkìtì náà yóò máa rọlẹ̀, ó lè dín sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé olè jà á.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìkánjú. Ẹlòmíràn a kó èèpo tútù taara lọ sí ẹsẹ̀ àgbàdo, ewé àgbàdo a sì pọ́n. Ebi ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí náà. Bí náítírójìn èèpo kò bá tó wọn jẹ, ti inú ilẹ̀ ni wọn yóò fà, àgbàdo yóò sì wà láìjẹun. Èyí tí ó ti jinná kì í gbóná mọ́, a kì í dá èèpo iṣu mọ̀ yàtọ̀ sí ewé nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú ihò àgbàdo kan tó. Fún ọgbà ẹ̀fọ́, a lè tẹ́ ẹ nípọn tó ìka méjì kí a tó fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀. Ọdún kan kò tó láti gba ilẹ̀ tí ó ti ṣá là. Ó di ọdún kejì tàbí ìkẹta kí ekòlò tó padà síbẹ̀, kí omi òjò sì tó máa wọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó fún àgbàdo òjò àkọ́kọ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ òkìtì rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀. Kí ó máa wọ́n omi sí i jálẹ̀ ọyẹ́, kí ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí. Yóò ti jinná nígbà tí òjò oṣù kẹta bá ń ṣú.